Èéfín Funfun ní Kofar Marke

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọpẹ́láyọ̀ Adébíyì fi jó irin ní Kofar Marke, ní ìlú Sókótó, kò sì sí ẹni tó sunkún rí nítorí géètì. Ó ṣe géètì fún onílé, ó ṣe irin ojú fèrèsé fún ẹni tí olè ti jà lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe bẹ́ńṣì fún ilé ìwé, ó ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ọkọ ìyàwó. Oníbàárà á dé, á fi ẹsẹ̀ ti ohun náà wò, á ní, "To, ya yi," ìyẹn ni pé ó dáa, á sì gbé e lọ. Ẹni tó yìn ín jù lọ nínú gbogbo wọn sọ pé géètì òun wúwo.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì ní Sókótó ló mú un wá láti wá kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ń mú un sín, àyà rẹ̀ ń fún, wọ́n bá ní kí wọ́n má fi iṣẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ jórinjórin, kí ó lè máa rí èémí mí dáadáa. Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn yìí títí dòní, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni òṣìṣẹ́ báńkì kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, Daniel Jọláyẹmí, gbé nǹkan kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé bí ẹni gbé aláìsàn. Gìtá ẹlẹ́sẹ̀ ni. A kì í gbé irú gìtá bẹ́ẹ̀ kọ́rùn. Ṣe ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí tábìlì, lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Ẹni tó ń ta á á jókòó tì í, á fi ọwọ́ òsì mú irin dídán kan tó ń yọ̀ lórí okùn, á fi ọwọ́ ọ̀tún máa ta á, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì máa tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Pẹ́dà yìí ló ń fa okùn le, tó ń dẹ̀ ẹ́, débi pé ohùn rẹ̀ á máa gùn, á máa sọ̀, bí ohùn ẹni tó ń gbìyànjú láti má sunkún níwájú àna rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ jùjú àtijọ́ ti gbọ́ ọ, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

"Pẹ́dà kan ló kán," ni Daniel wí. "Ẹ kàn bá mi jó o pọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn."

"Kò burú," ni Ọpẹ́láyọ̀ wí.

Nígbà tí Daniel padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gìtá rẹ̀ ti di ogóje nǹkan kéékèèké lórí ẹní, tí wọ́n tò wọ́n bí obìnrin ṣe ń to ata. Daniel jókòó. Kò sí àga níbi tó jókòó sí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ọpẹ́láyọ̀ wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà sunkún ni."

Ó tò ó padà lójú Daniel, ariwo tó ń hó nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò hó mọ́. Daniel ta á níbẹ̀, láàárín géètì mẹ́ta àti agbada ìdáná kan. Bó ti ń ta á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọpẹ́láyọ̀ wo omi náà. Irin tí òun fọwọ́ kàn ló fà á. Láti ọjọ́ náà ni géètì ti sú u.

Kí ọdún tó yí po, ó ti ṣe tirẹ̀. Pákó igi àyìn ló fi ṣe ara rẹ̀, igi líle tí àwọn Hausa ń pè ní marke, èyí tí wọ́n fi sọ orúkọ ẹnubodè tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́ ló fi ń fa okùn. Pẹ́dà rẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kú sí Kofar Doya ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páìpù omi àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kí ó má baà dógùn-ún, tí wọ́n wá hú kúrò nílẹ̀ nígbà tí ó gbó. Mamman tó ń ta àlòkù irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Babbar Kasuwa, ọjà ńlá Sókótó, ló tà á fún un. Ìdí kan ṣoṣo tí Ọpẹ́láyọ̀ fi lo páìpù omi ni pé òun ni Mamman ní lọ́jọ́ náà.

Daniel ya fídíò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí Tọ́pẹ́ Ọ̀ṣúnṣínà fi dé. Ọmọ ẹgbẹ́ olórin ni Tọ́pẹ́, gìtá ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ta, ó sì rin ìrìn-àjò ọjọ́ méjì láti wá gbọ́ ohun tó ti gbọ́ lórí fóònù. Ó ta gìtá náà láti aago méjìlá títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, kí lẹ fi sí i? Mo ti ta ti òyìnbó. Mo ti ta ti Japan. Kò sí èyí tó ké báyìí rí."

Ìdáhùn wà. Ìdáhùn náà ni pé Ọpẹ́láyọ̀ ti jókòó ti gìtá náà fún oṣù mẹ́rin, ó ń fi fáìlì ha irin tí okùn gùn lé, ó ń dẹtí sí i, ó tún ń ha á, títí Naomi ìyàwó rẹ̀ fi bi í léèrè bóyá ó fẹ́ fi ṣe aya ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí gùn, oòrùn Sókótó sì wà níta. Ọpẹ́láyọ̀ wo ẹsẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù lọ.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni," ló wí.

"Ẹsẹ̀?"

"Páìpù omi ni. Omi ti gba inú rẹ̀ kọjá fún ogójì ọdún. Irin tó ti gbọ́ omi tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè gbàgbé? Síǹkì ara rẹ̀ ló ń pa ohùn náà mọ́. Bí mo bá ń jó o, tí o bá rí èéfín funfun, ohùn ló ń wọlé yẹn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka Bíbélì kíkà kejì. Mamman, tó wà níbẹ̀ tó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀, sáré bọ́ sóde láti lọ rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́láyọ̀ dúró de Tọ́pẹ́ kí òun náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín pọ̀. Tọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ síbí."

Nílé tí wọ́n ti tọ́ Ọpẹ́láyọ̀ dàgbà, bí o bá pa irú àwàdà bẹ́ẹ̀ fún àlejò, àlejò ló ni kó já a, kó mọ̀ pé àwàdà ni. Bí kò bá já a, ìwọ ò gbọdọ̀ já a fún un, torí o ó sọ ọ́ di òmùgọ̀ lójú ara rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ọpẹ́láyọ̀ gba fóònù, ó sì tún un sọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún àwọn olólùfẹ́ gìtá ẹlẹ́sẹ̀. Igba ènìyàn ó lé díẹ̀ ni wọ́n. Àwọn tó ní gìtá nínú wọn tó méjìdínlógún, àwọn tó lè ta á sì jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n fún gìtá Ọpẹ́láyọ̀ ní nọ́ḿbà, wọ́n sì ń jà lórí nọ́ḿbà náà: àwọn kan ní ìkarùn-ún ló dùn jù, àwọn kan ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ìkẹsàn-án. Oníṣègùn eyín kan ní Ìjẹ̀bú Òde ra méjì, kò mọ ìkankan ta. Ó ní òun kàn ń jókòó tì wọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n sì ń ṣe òun lóore. Ẹlòmíràn lá ẹsẹ̀ tirẹ̀ wò, ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé omi Sókótó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, ó sì jọ pé iyọ̀ yẹn ló fà á. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo wọn ń pè é ní Bàbá. Wọ́n ń pè é láti Èkó, láti Àkúrẹ́, wọ́n ń bi í bó ṣe sùn. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, ọkùnrin ogójì ló kọrin fún un lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kì í ṣe pé wọn ò gbà á gbọ́ o. Wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Bó bá ń jó ẹsẹ̀ gìtá tuntun, kí ó jọ̀ọ́, kí ó ya fídíò èéfín funfun.

Ó sì ń yà á. Síǹkì tí iná bá kàn a máa jáde bí òwú, ó nípọn, ó funfun, ó rẹwà lójú fídíò. Àwọn ará Wásáàpù á máa na ọwọ́ sókè nínú àwòrán kéékèèké wọn. "Ohùn ń wọlé! Bàbá, ohùn ń wọlé!"

Ní ọjọ́ tí ó bá jó ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí àwọn Mùsùlùmí tó kírun ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ á ti máa dùn bí ẹni lá kọ́kọ́rọ́, òtútù á mú un nínú ooru Sókótó, egungun rẹ̀ á máa ro ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ibà náà á ti lọ. Gbogbo jórinjórin ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní wàrà ló ń fọ̀ ọ́. Ládi, obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà, ní ago Ọpẹ́láyọ̀ lọ́tọ̀ nínú igbá rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ago kan tó o. Ní ọdún keje, ó ń mu mẹ́ta, ó sì ń wúkọ́ láàárín èkíní sí èkejì.

Nígbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láì dúró lẹ́ẹ̀mejì, Naomi fà á lọ sí ọsibítù. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Naomi. Kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Dókítà tó rí wọn, Firdaus lorúkọ rẹ̀, kò ju Dárasími ọmọ wọn lọ ní ọjọ́ orí. Hausa ló ń bá wọn sọ. Ó gbé fọ́tò àyà Ọpẹ́láyọ̀ sójú iná, ó wò ó títí.

"Baba, kí lẹ ń lò sí ikọ́ yìí?"

"Wàrà."

"Wàrà kẹ̀?"

"Òun ló ń fọ èéfín, Dókítà. Gbogbo wa là ń mu ún."

"Baba, ikùn ni wàrà ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ènìyàn, àwọn méjèèjì ò tíì pàdé." Ó gbé fọ́tò náà sílẹ̀. "Èyí tó ti bàjẹ́ níbí, mi ò lè tún un ṣe. Èyí tó kù lè gbé yín díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ẹ bá fi èéfín funfun yẹn sílẹ̀. Bí ẹ ò bá fi í sílẹ̀, mi ò rò pé ẹ ó rí Kérésì."

Oṣù kejì ọdún ni wọ́n wà nígbà náà.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Mamman ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú páìpù tuntun, ìyẹn ni pé páìpù àtijọ́ tuntun. Naomi sọ ohun tí dókítà wí fún un. Mamman bú sẹ́rìn-ín, ó wá gbé páìpù náà sílẹ̀.

"Haba, Malam Ọpẹ́! Ṣé fáìlì ò sí lọ́wọ́ rẹ ni? Ha síǹkì náà kúrò níbi tí o fẹ́ jó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Irin lásán ló máa kù, kò sì ní rú èéfín kankan tó lè pa adìyẹ."

Òótọ́ ni. Kò sí jórinjórin tí kò mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́láyọ̀ ha ẹsẹ̀ gìtá nọ́ḿbà ogún, ó jó wọn, ibà kò mú un. Ó ya fídíò. Irin náà pupa, ó jó pọ̀, kò sí èéfín.

Ẹgbẹ́ Wásáàpù dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé páìpù gidi nìyí?" Ẹni tó fẹ́ gba gìtá nọ́ḿbà ogún ní kò sí wàhálà, òun yóò dúró de ìkọkànlélógún, bó bá ti máa ní èéfín.

Tọ́pẹ́ gbéra láti Ìbàdàn láti wá gbèjà Bàbá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Irọ́ ò sí nínú ìyẹn. Ó jókòó ti gìtá tuntun náà, ó tẹ pẹ́dà, ó yí orí.

"Ó dáa o, Bàbá. Ṣùgbọ́n…"

"Ṣùgbọ́n kí ni?" ni Naomi bèèrè.

"Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀, mà."

Naomi bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi di Tọ́pẹ́ lójú bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé nínú eré. Ó gbé gìtá nọ́ḿbà ogún síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó gbé ìkọkàndínlógún síbẹ̀, èyí tí wọ́n jó pẹ̀lú èéfín, tí ẹni tó ni ín ò tíì wá gbé. Tọ́pẹ́ ta méjèèjì, Naomi sì tún gbé ti àkọ́kọ́ padà síwájú rẹ̀. Nígbà tó dé orí ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mí kanlẹ̀.

"Òun nìyí! Ẹ gbọ́ omi nínú rẹ̀. Èyí ni ojúlówó."

Naomi tú gèlè náà. Èyí tí wọ́n ha ló wà níwájú rẹ̀.

Ọpẹ́láyọ̀ fa àpótí ìjókòó rẹ̀, ó jókòó sún mọ́ Tọ́pẹ́. Ó wúkọ́ tán.

"Tọ́pẹ́, ọmọ mi. Àwàdà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Páìpù ò mọ nǹkan kan. Etí mi àti fáìlì ni. Mo rò pé wàá rẹ́rìn-ín ni."

Tọ́pẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

"Ẹ̀yin àgbà! Ẹ fẹ́ fi àṣírí pa mọ́ ni. Bàbá, ẹ ò rí i pé èyí gan-an ló fi hàn pé páìpù náà lágbára? Ẹ ha á, síbẹ̀ ohùn ò kúrò nínú rẹ̀! Ẹ wá wo bí ì bá ti rí ká ní ẹ ò ha á."

Ọpẹ́láyọ̀ ti lo ọgbọ̀n ọdún lọ́dọ̀ iná, ṣùgbọ́n irú irin yìí kò tẹ̀ fún un rí.

"Bó bá ti rẹ̀ yín, Bàbá," ni Tọ́pẹ́ wí pẹ̀lú ìfẹ́, "kò sí ohun tó burú. Màá sọ fún wọn pé Bàbá ti fẹ̀yìn tì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Gbogbo ohun tó kù kàn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni.

Nígbà tí Tọ́pẹ́ lọ tán, Naomi wí pé, "Bàbá Dárasími, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ fẹ̀yìn tì. Géètì ń bọ́ wa kí gìtá tó dé."

"Ó ń bọ́ wa."

"Kí ló wá kù?"

"Ta ló sunkún rí nítorí géètì?"

"Èmi ni màá sunkún," ni Naomi wí.

Ọpẹ́láyọ̀ ń wo géètì kan tó fara ti ògiri, èyí tí oníbàárà ti fi ẹsẹ̀ tì wò láàárọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó jó ìkọkànlélógún láì ha á. Ó jó o síta gbangba, nítorí ìmọ́lẹ̀ fídíò. Igba ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá Bàbá padà. Naomi kò bá a jà. Ó gbé aṣọ kan tó rẹ nínú omi wá, ó so ó mọ́ ọn nímú. Àwọn ará Wásáàpù ní aṣọ náà ń bo ojú Bàbá. Ọpẹ́láyọ̀ bọ́ ọ.

Oṣù karùn-ún, tí ooru Sókótó ń mú òkúta làágùn, ó ń ṣe ìkẹtàlélógún. Ó jó ẹsẹ̀ kìíní láàárọ̀, ó sinmi. Ó jó ìkejì. Ládi gbé wàrà dé, ó mu ún, kò lọ sílẹ̀ tán. Ó jó ìkẹta lọ́wọ́ ọ̀sán, èéfín náà dúró lójú kan nítorí kò sí atẹ́gùn, ó sì dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bákan náà. Mamman tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọlanke rí i tó jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí páìpù kẹrin, ètè rẹ̀ dúdú bí èso àgbálùmọ̀ tó bàjẹ́. Fóònù ṣì ń ya fídíò níwájú rẹ̀ lórí bíríkì.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù pẹ̀lú rọ́bà nímú. Dókítà Firdaus kò sọ pé òun ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Ọpẹ́láyọ̀ fi ìka pe Naomi, ó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan. Naomi tẹ etí sí i.

"Ìkẹrin," ni Ọpẹ́láyọ̀ wí. "Ẹ ha á."

Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ilé àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìyẹ̀fun yóò pa á.

Tọ́pẹ́ wá kí wọn ní Sókótó lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé Naomi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó bèèrè bóun ṣe lè gba gìtá kẹtàlélógún. Naomi ní kó máa gbé e lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, kí jórinjórin mìíràn bá a jó ìkẹrin, ṣùgbọ́n kí ẹni náà kọ́kọ́ ha á. Mamman gbé páìpù kẹrin náà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì. Tọ́pẹ́ ní rárá o, ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kan iṣẹ́ Bàbá. Bó ti rí ló gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó sì ń fi bíríkì ti igun kẹrin.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, fóònù Naomi dún. Ọkùnrin kan ni láti Èkó, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni wọ ilé Ọlọ́run. Ó kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ní àwọn ti gbọ́ gìtá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, kò sì sí ohùn tó dà bíi rẹ̀ láyé. Ó ní ẹni mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ ti gé ẹsẹ̀ kan kúrò lára tiwọn, ṣùgbọ́n kò tíì dún bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fi ṣe àṣírí fún wa. Kí nìdí tí Bàbá fi fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́ta?"

Naomi wo ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí èéfín ti fi àmì funfun sílẹ̀.

"Ó kú kí ó tó jó ìkẹrin ni."

Naomi ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí, dáadáa, láìsí ìdíwọ́ kankan.

"Háà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ohun tó wọ inú rẹ̀ nìyẹn."